Ta Ló Bọ́ Awò Lójú Ramlah?

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ aláìní, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ jìnnà. Houston ni kí ẹ wá. Wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì mọ ẹ̀rín rín. Balqees, ọmọ Alhaji Tàjùdíìnì, ti rí wọn títí wọ́n fi sú u.

Dókítà ojú ni Balqees, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Awò ojú òun fúnra rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ní gbogbo ọjọ́ Wednesday, ó máa ń bá bọ́ọ̀sì ńlá kan lọ sí àwọn ilé-ìwé tí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí já jẹ pọ̀ sí. Inú bọ́ọ̀sì yìí ni wọ́n ti ń yẹ ojú àwọn ọmọ wò, tí wọ́n sì ń fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ ní awò láìgba kọ́bọ̀. Helen, ìyàwó Bọ̀wálé, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí kì í lè rí nǹkan kó má sọ̀rọ̀, ló ń wa bọ́ọ̀sì náà.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí ní àwọn fẹ́ wá ṣèrànwọ́ ní ilé-ìwé kan ní Alief. Balqees ti mọ irú ìrànwọ́ tí wọ́n ń sọ. Wọ́n dé pẹ̀lú báńà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju bọ́ọ̀sì lọ, gbogbo wọn wọ polo funfun, wọ́n sì gbé kúlà oúnjẹ dání, ti ara wọn nìkan. Ẹni tó ṣíwájú ni Abdulkabir, ẹnjiníà kan ní Energy Corridor níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo pọ̀ sí, ọkùnrin gíga tí ara rẹ̀ ń dán. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tán tó fi gbá ọmọ kékeré kan mú léjìká, tó yí ojú ọmọ náà sí kámẹ́rà. Oògùn tí wọ́n kán sójú ọmọ náà kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò kò tíì kúrò, oòrùn sì ń gún un lójú.

Balqees sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ tí ò lè lajú lẹ ní kó máa rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ṣé iṣẹ́ lẹ wá ṣe, àbí poster?"

"Iṣẹ́ ni, Doctor. Ẹ má bínú."

"Ẹ ká báńà yẹn. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn síìtì Helen."

Àwọn yòókù jẹun tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Abdulkabir gbálẹ̀ bọ́ọ̀sì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Balqees ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí àgbàlagbà bá gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wá ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe, kí òun pàtẹ́wọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Abdulkabir nìkan ló padà wá, nínú aṣọ iṣẹ́ àti bàtà tó ti gbó. Balqees ní bóyá ó gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni. Nígbà tó tún wá, ó ní bóyá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa ṣe oore kí wọ́n lè fi yangàn. Gbogbo nǹkan ló rò, àfi pé ó wu ọkùnrin náà láti wá. Ohun tó sì ń bí i nínú ni pé ó wúlò. Àwọn ọmọ kéékèèké máa ń bẹ̀rù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ojú. Abdulkabir á kọ́kọ́ gbé àgbọ̀n tirẹ̀ lé e, á ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ ti gbá òun nímú mú, á máa bẹ̀ ẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á sì fẹ́ gbé àgbọ̀n síbẹ̀. Balqees á lejú, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn bá pẹ́ dé, kì í yéé wo ojú títì.

"Doctor," Helen sọ fún un lọ́jọ́ kan, "ọ̀nà yẹn ò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Helen yìí kan náà ló fún Abdulkabir ní nọ́ńbà Balqees láìgba àṣẹ. Láti ìgbà náà, ó di pé Abdulkabir ń pè é nírọ̀lẹ́, nígbà tó bá kúrò níṣẹ́, tó ní òun wà nínú go-slow lórí I-10. Wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí wọ́n rí, lórí oúnjẹ, lórí ìdí tí Balqees fi lé àwọn ọkùnrin mìíràn dànù. Balqees sọ fún un nípa ọ̀kan nínú wọn tó ní kó kọ́kọ́ se ọbẹ̀ fún ìyá òun lójú kámẹ́rà. Abdulkabir rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ ọ̀nà nù. Ọ̀rọ̀ yìí ń lọ bẹ́ẹ̀ títí Helen fi là á yé Balqees pé apartment ọkùnrin náà kò jìnnà sí ọ́fíìsì rẹ̀ rárá. Kò sí go-slow kankan. Ó kàn ń wa mọ́tò yípo lójú freeway ni, kí ọ̀rọ̀ má bàa tán.

Balqees pè é ní òmùgọ̀ lójú Helen. Nígbà tó délé, ó jókòó sínú mọ́tò nínú garage, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Inú sì bí i sí ara rẹ̀, pé nínú gbogbo ọkùnrin Houston, ẹlẹ́báńà ni ọkàn òun lọ mú.

Nígbà tí Abdulkabir fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Helen ló tún rán. Balqees ní kí Helen padà lọ sọ fún un pé ẹnu tó fi ń bá àwọn ọmọ kéékèèké ṣeré, kó fi bá òun sọ̀rọ̀. Ó wá. 

"Balqees, mo fẹ́ kí o jẹ́ ìyàwó mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

"Ó hàn," Balqees dáhùn. Lẹ́yìn náà ló gbà.

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà wọlé, tí nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Alhaja Misturah, ìyá Abdulkabir, ní ọmọbìnrin náà ti dàgbà jù, awò ojú rẹ̀ dà bí ìdí ìgò, àti pé irú dókítà wo ló ń fi ọjọ́ Wednesday rẹ̀ jókòó ti àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí ìyá Balqees kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí ni Alhaja Misturah ń gbéra ga sí? Ṣé kì í ṣe òun ló ń ta káàdì fóònù lójú títì Bissonnet nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé? Àwọn méjèèjì kò ríra sójú rárá o. Àwọn abánigbọ́rọ̀ ló ń gbé èébú lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀.

Síbẹ̀, wọ́n ṣe ìwádìí. Ẹ̀yin náà mọ ìwádìí. Àwọn èèyàn tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ wọn ń bá wọn kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Clear Lake, gbé fóònù, wọ́n ń pe Abẹ́òkúta àti Ìwó, wọ́n ń bèèrè bóyá were wà nínú ìdílé kan, bóyá wárápá wà ńbẹ̀, bóyá bàbá àgbà ẹnìkan fọ́jú kó tó kú. Alhaja Misturah fọwọ́ sọ̀yà pé ìdílé tàwọn mọ́ nigínnigín. Ọmọ méjì lòun bí, ó ní: Abdulkabir, àti Morónkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kàwé ní Canada. Wọ́n wá mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ilé-ìwé kan wà ní Baytown tí Abdulkabir kì í bá wọn lọ. Ó ní ibẹ̀ jìn sí òun. Ọkùnrin tó ń sun epo lásán lójú freeway nítorí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló ní Baytown jìn, Balqees kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni Ramlah, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan, tún ti wá tò fún awò. Balqees fúnra rẹ̀ ló ti fún un ní ti àkọ́kọ́ àti ìkejì, méjèèjì sì ti dàwátì. Ọmọ náà ń fi imú kan pátákó ìkọ̀wé kó tó lè rí nǹkan. Balqees ní kí wọ́n pe ìyá rẹ̀ wá, ó sì ti to èébú sẹ́nu dè é.

Ìyá náà dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lọ́rùn, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fara ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Yorùbá ni. Balqees sọ fún un pé ohun tí àwọn kan kò bá rà, wọn kì í mọ iyì rẹ̀.

"Ẹ bú mi tán?" ni ìyá náà ní. "Kì í ṣe èmi. Ìyá mi ni. Every Saturday tí mo bá lọ síṣẹ́, òun ló ń mú Ramlah. Ó ń bọ́ awò lójú ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbéyàwó fún àbúrò mi, ó ní àwọn ará ilé ìyàwó ò gbọdọ̀ rí ọmọ tó ń lo glasses lọ́dọ̀ àwa, wọ́n á ní ojú ò dá nínú ẹ̀jẹ̀ wa."

Balqees bèèrè irú èèyàn tí ìyàwó jẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ ò ní gbà á gbọ́. Wọ́n ní dókítà ojú ni."

Balqees wo àgbọ̀n obìnrin náà. Ó mọ àgbọ̀n yẹn. Ó ti rí i lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọjọ́ Wednesday tó pọ̀.

"Kí lorúkọ àbúrò yín?"

"Abdulkabir."

"Èmi ni wọ́n fẹ́ gbé fún un," Balqees ní.

Morónkẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀, láti ìborùn rẹ̀ dé bàtà. "Congratulations," ó ní, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde.

Nígbà tí Abdulkabir pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Balqees kò kí i. Ó bi í báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí ní Canada. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́. Morónkẹ́ ti fi ọkọ tí ìyá wọn yàn fún un sílẹ̀, ó bí Ramlah fún ẹni tí kò dúró, ìyá wọn sì ní ojú ti òun láàárín ẹlẹgbẹ́ òun. Canada ni wọ́n fi bò ó. Ó ní òun ń bẹ̀ wọ́n wò, òun ń ra nǹkan lọ fún wọn.

"Ní ìkọ̀kọ̀," Balqees ní.

"Ní ìkọ̀kọ̀."

"Abdulkabir, ọmọ yẹn ò ríran. O wà lọ́dọ̀ mi ní gbogbo Wednesday, ò ń mú ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín."

Ó ní òun máa bá ìyá òun sọ ọ́ kí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà tó pé. Balqees ní bí kò bá sọ ọ́ títí di ọjọ́ náà, kó wá ìyàwó mìíràn. Ó pa fóònù, ó sì sunkún bí kò ṣe sunkún rí láti ìgbà tó ti wà ní yunifásítì. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ òǹrorò, ì bá rọrùn. Ojo ni, ó sì ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó mọ̀. Kò mọ èyí tí òun fẹ́ jù, kí ó sọ̀rọ̀ ni àbí kí ó dákẹ́ kí òun lè rí ìdí kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ náà pé, Saturday ni. Ní òwúrọ̀, ìyá Balqees wọ yàrá wá bá a, ó ní kó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní àwọn ará ilé ọkọ ti ń pè é ní ìdí ìgò, òun kò sì ní fún wọn láyè lónìí. Ó ti gba ti Alhaji pàápàá, ó ti kó o pamọ́ sí ilé ìdáná. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ fúnra wa: Balqees, tó ti fi gbogbo Houston ṣe ẹlẹ́yà, bọ́ ọ, ó sì fún un. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí ọjọ́ ṣáà kọjá ni. Ìwà tí òun kórìíra lára ẹlòmíràn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hù, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń hù ú.

Àwọn àlejò dé. Alhaji Tàjùdíìnì, tí kò ríran, dì mọ́ àbúrò ìyá Abdulkabir, ó ń kí i ní ọkọ ìyàwó. Wọ́n fi ẹ̀rín bò ó. Wọ́n mú Balqees jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú àwọn àgbà. Àwọ̀ aṣọ nìkan ló ń rí, pupa níbí, aláwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Kò mọ èyí tó jẹ́ Abdulkabir nínú wọn. Kò sì mọ̀ bóyá ó ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọmọ kékeré kan dìde láàárín àwọn àlejò, ó rìn wá síwájú rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ ojú rẹ̀ títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Doctor," Ramlah ní, "ṣé Grandma gba tìẹ náà ni?"

Ìyá Balqees bèèrè ọmọ ta ni.

"Ọmọ aládùúgbò wa ni," Alhaja Misturah dáhùn, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Ìyá ẹ̀ wà níṣẹ́, a kàn ń bá a mú un ni."

Ramlah kò jiyàn. Ó hàn pé wọ́n ti kọ́ ọ. Ó dúró síbẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bí ọmọ aládùúgbò ṣe yẹ kó dúró nínú ilé onílé.

Balqees yíjú sí apá ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí. Kò lè rí ojú ẹni tó ń wá. Ó kàn ń retí ohùn rẹ̀ ni. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, ó máa dìde, yóò wọ yàrá lọ, yóò sì parí síbẹ̀. 

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́." Abdulkabir ni. Ó ti dìde. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ramlah lorúkọ ẹ̀. Morónkẹ́ ò sí ní Canada. Baytown ló wà."

Alhaja Misturah ní kó jókòó. Kò jókòó. Alhaja wá ní ó ti dójú ti òun. Abdulkabir ní òun ti ń dójú ti Morónkẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí òun.

Alhaji Tàjùdíìnì wúkọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti di ti ọmọ òun, ó sì bi Balqees bóyá kí àwọn gba àwọn èèyàn yìí.

"Wọn ò tíì pé, Daddy," Balqees ní.

Abdulkabir kò dúró kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Wọ́n gbọ́ tí mọ́tò rẹ̀ jáde.

Ẹ wo bí àwọn ẹni iyì ṣe ń dúró. Oúnjẹ ń tutù, kò sí ẹni tó lè kọ́kọ́ bù. Balqees dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó gbé awò tirẹ̀ wọ̀, ó mú ti bàbá rẹ̀ wá fún un. Lẹ́yìn náà ló dúró síwájú Alhaja Misturah, ó na ọwọ́. Alhaja ṣí báàgì, ó ń fi ọwọ́ táràrà nínú rẹ̀, ó mú ìpara jáde, ó mú tẹ̀sùbáà jáde, kó tó kan awò ọmọ náà. Òun náà kò ríran dáadáa. Nínú gbogbo pálọ̀ yẹn, àwọn ìdílé méjì tó mọ́ nigínnigín ti fi ojú tí kò dá pamọ́ fún ara wọn láti òwúrọ̀. Balqees gbé awò wọ Ramlah. Ọmọ náà wo gbogbo wọn yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí ìyá àgbà rẹ̀.

Nígbà tí Abdulkabir padà dé, Morónkẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, tòun ti aṣọ iṣẹ́, ó sì ń rùn oògùn ìfọlẹ̀. Kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Alhaji Tàjùdíìnì tún bi ọmọ rẹ̀ léèrè.

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n," Balqees dáhùn. "Bí wọ́n bá jẹ́ ẹbí àwọn èèyàn yìí, èmi náà á jẹ́ ẹbí wọn. Bí wọn ò bá jẹ́, kò yé mi ohun tí mo fẹ́ bá wọn ṣe."

Gbogbo wọn kọjú sí Morónkẹ́. Ó wo àwọn ẹbí rẹ̀ nínú aṣọ olówó iyebíye wọn, ẹnu rẹ̀ sì yí díẹ̀.

"Kò tíì sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀," ó ní.

Wọ́n yíjú sí Alhaja Misturah. Àgbà kì í kọ́kọ́ kí ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, Morónkẹ́ náà sì mọ̀. Alhaja tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wo ilẹ̀kùn, bóyá ọ̀nà àtijáde ló ń wò. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gan-an ni ọmọ rẹ̀ dúró sí.

"Morónkẹ́," ó ní níkẹyìn. "Káàbọ̀, ọmọ mi. O kú iṣẹ́."

Morónkẹ́ kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí ìyá rẹ̀.

Balqees wo Abdulkabir tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò dúró kí wọ́n bi òun lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ gbà wọ́n, Daddy," ó ní.